Ilé Àwọn Ọ̀dọ́ Tí A Kò Tíì Ṣí

Àdúgbò Òkè-Ìta,
Lọ́nà Kàbbà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Oṣù Kẹsàn-án, 1984.

Olúṣínà ọmọ mi, ọkọ Agatha,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun ilé, okun àwọn ọmọ. Mo kí ọ lórí ìdúró, mo tún kí ọ lórí ìjókòó, nítorí n kò mọ èyí tí o máa wà nígbà tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ rẹ. Ṣé ikọ́ ọmọ ti lọ? Ọlọ́run tó mú baba rẹ tó fi mí sílẹ̀ mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà ni mo ń bẹ pé kó má tún mú ẹnikẹ́ni kúrò níwájú mi mọ́. Àmín.

Bí o bá bi mí bóyá àlàáfíà ni mo wà, mo máa ní àlàáfíà ni, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa pé kí a máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ní kíláàsì àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àlàáfíà. Tinúadé àbúrò rẹ ti lọ. Ó gbé àpótí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ó wọ ọkọ̀ àwọn tó ń kó iṣu, n kò sì mọ̀ bóyá Kàdúná ló dorí kọ tàbí ọ̀dọ̀ rẹ ní Ìlọrin. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Bí ó bá wà lọ́dọ̀ rẹ, má fi pamọ́ fún mi.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. O mọ ilé tí a kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lẹ́bàá títì. Àwọn fúnra wọn ló gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ń kó iyanrìn láti odò, àwọn ọmọbìnrin ń pọn omi tí wọ́n fi ń po búlọ́ọ̀kù, Tinúadé sì pọn títí irun àárín orí rẹ̀ fi ń re. Wọ́n ti sọ fún wọn pé inú ilé náà ni wọ́n ti máa kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, inú rẹ̀ ni wọ́n ti máa kàwé, wọ́n á sì máa ṣeré níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ dípò kí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì máa wo ọkọ̀ tó ń lọ Kàdúná. Magdalene, ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ kan tó kọ́ṣẹ́ aṣọ lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì, ti wá gbé lọ́dọ̀ wa láti kọ́ wọn.

Ìjọba kó ẹ̀rọ ìránṣọ wá, wọ́n kó bẹ́ǹṣì wá, wọ́n tún gbé tábìlì gbọọrọ aláwọ̀ ewé kan wá tí wọ́n na àwọ̀n sí láàrin. Baba Benjamin, alága kọ́mítì wa, yẹ̀ ẹ́ wò yíká, ó ní tábìlì oúnjẹ ni, pé àwọn ìjòyè á jókòó sápá kan, àwa yòókù sápá kejì, àwọ̀n yẹn ni kò ní jẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ṣìnà lọ sínú ẹran ẹlòmíì. Inú mi dùn pé ìjọba lè ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tó kó ẹrù náà wá kìlọ̀ pé kí a má tíì lò ó o, pé kọmíṣọ́nnà ń bọ̀ láti Ìlọrin wá ṣí ilé náà. Baba Benjamin ní ṣé gbogbo wa gbọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló lè ṣí i, bí ẹlòmíì bá kọ́kọ́ ṣí i, kí ni kọmíṣọ́nnà á wá ṣí? Gbogbo wa rí i pé òótọ́ ni. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n kan fèrèsé pa nítorí fèrèsé náà ṣeé ṣí, wọ́n sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní èmi ni ẹkún ẹnikẹ́ni kò lè mú yí ọ̀rọ̀ padà. Mo dúpẹ́, mo so ó mọ́ etí ìró mi.

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ igbe ewúrẹ́ nínú ilé náà. Ewúrẹ́ Josiah aládùúgbò wa ni, ó ti bá àwọn tó ń kó ẹrù wọlé. Josiah ní kí n ṣílẹ̀kùn, mo ní kó lọ mú kọmíṣọ́nnà wá. Ó bú mi, ó ní bí ewúrẹ́ òun bá kú, èmi ni òun máa so mọ́ èèkàn. Kọ́mítì jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà títí oòrùn fi kan àtàrí, kí Baba Benjamin tó rí ojútùú. Ó ní páànù kì í ṣe ilẹ̀kùn. Wọ́n gun òrùlé, wọ́n tú páànù, wọ́n fi okùn fa ewúrẹ́ jáde. Lẹ́mọ́mù àti pásítọ̀ jọ yin ọgbọ́n náà. Àṣé ìṣó ti tẹ̀, páànù kò jókòó bó ṣe wà mọ́, láti ìgbà náà sì ni òjò ti ń rọ̀ lé àwọn ẹ̀rọ lórí.

A dúró de kọmíṣọ́nnà. Lọ́dún tuntun, rédíò ní àwọn sójà ti gbàjọba, kò sí kọmíṣọ́nnà yẹn mọ́. Mo bi Baba Benjamin bóyá sójà lè ṣí ilé, ó ní ta ló mọ ilẹ̀kùn ṣí ju sójà lọ, kí a sáà mọ èyí tí wọ́n máa rán. Ni èmi àti òun bá lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Kàbbà láti fi tẹlifóònù bi Ìlọrin. Akọ̀wé ibẹ̀ fi gẹ̀ẹ́sì ro ẹjọ́ wa sínú rẹ̀, ó wá gbé e fún mi, mo kúnlẹ̀ kí i, akọ̀wé ní ọ̀gá tó wà lọ́hùn-ún ní kí n dì í mú. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, Baba Benjamin bá mi di okùn rẹ̀ mú, a kò mira, títí ó fi ń dún pọ̀ọ̀ pọ̀ọ̀ létí mi. Akọ̀wé ní ó ti já. Mo ní kó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a kò já nǹkan kan, bí ó ṣe fún wa náà ló wà.

Nígbà tí a fi dé, Magdalene ti kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ẹ̀gbẹ̀. Andrew àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kó iyanrìn ti lọ wáṣẹ́ ní Àjàòkúta, àwọn ọmọbìnrin ti ń tẹ̀ lé ara wọn lọ Kàdúná. Tinúadé bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, òun á gba òrùlé wọlé bí ewúrẹ́ ṣe gba ibẹ̀ jáde. Mo kọ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní ilé ọ̀dọ́ la pè é, ewúrẹ́ Josiah sì ni ọ̀dọ́ kan ṣoṣo tó tíì wọ ibẹ̀. Mo ní kò bọ̀wọ̀ fún ìjọba. Ó ní Màmá, ta lẹ ń bá tọ́jú rẹ̀? Mo ní àwọn ọ̀dọ́ ni. Ó ní èwo nínú wọn? Mo bẹ̀rẹ̀ láti ilé Thomas, mò ń wò ó lọ́kàn mi, ojúlé sí ojúlé, títí dé ilé Baba Benjamin, òun nìkan ni mo rí.

Ilẹ̀ mọ́, n kò rí àpótí rẹ̀. Mo sáré bọ́ sí títì, mo ń tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró bí mo ṣe ń sáré, mo ti pinnu pé màá fún un, kí kọ́mítì ṣe mí bó bá ṣe wù wọ́n. Ọkọ̀ ti ṣí. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí tó ṣí ní àdúgbò wa láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn.

Olúṣínà, kò sí ẹni tó ń béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi mọ́. Nírọ̀lẹ́, ikọ́ àwa àgbà nìkan ni à ń gbọ́ láti ilé dé ilé, bí mo bá wúkọ́, Josiah á wú tirẹ̀, a ti fi mọ̀ pé a wà.

Jọ̀wọ́, lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Ìlọrin níbẹ̀. Má gbà kí wọ́n ní kí o di nǹkan kan mú, ojú ni kí o fi rí ẹni náà. Bẹ̀ ẹ́ pé bó bá ń bọ̀ wá ṣí ilé, kó kó ọ̀dọ́ díẹ̀ mọ́ra bọ̀, nítorí tiwa ti tán. Wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ, wọ́n fún wa ní tábìlì tí a kò tọrọ, bóyá wọ́n ní ọ̀dọ́ nínú sítọ́ọ̀ náà. Kò pọn dandan kí wọ́n pọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ọmọbìnrin tó fẹ́ kọ́ ìránṣọ, yàrá wà nílé mi.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n lè wá. Má gba báǹkì, nítorí èyí tí o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, owó ẹlòmíì ni wọ́n kà fún mi, kì í ṣe èyí tí ọwọ́ rẹ kàn. Bí Tinúadé kò bá sí lọ́dọ̀ rẹ, fi owó náà wá a dé Kàdúná. Bí ó bá wà níbẹ̀, fún un lóúnjẹ kí o tó bá a wí. Má sọ pé kó padà wálé. Wá ibi tí á ti kọ́ṣẹ́ fún un. Kí o sáà bá mi sọ fún un pé mo dé títì lọ́jọ́ náà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilé rẹ ṣófo. Ariwo ọmọ kò ní dákẹ́ níbẹ̀, àní bó bá tiẹ̀ ń dí ọ lọ́wọ́ oorun.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rhoda.