Ọwọ́ Tó Ń Làágùn Nínú Ọyẹ́

Àtìnì, 13 janvier. Kambolé
Ọjọ́ tí Ràhámátù ìyàwó mi ń gé ebu iṣu ni ọ̀bẹ yọ̀, ó gé e lọ́rùn ọwọ́ òsì. Ọgbẹ́ ti jinná láti oṣù tó kọjá. Àpá ló kù. Síbẹ̀ ó ní ó ń jó òun bí iná, aṣọ ò gbọdọ̀ kàn án. Gbogbo ilé ń kọ ebè, Ràhámátù jókòó.

Àlàrùbá, 15 janvier
Mo ṣọ́ ọ láti ẹ̀yìn àká. Ó ń bá ará ilé rẹ́rìn-ín, ọwọ́ wà lórí itan, wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo yọjú — ó gbá ọwọ́ mọ́ra, ojú rẹ̀ le. Ṣé èmi ni ìrora náà ń dúró dè?

Jímọ̀, 17 janvier
Ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbẹ bí èèpo igi. Òsì tutù, ó ń làágùn. Mo ti rò pé ó ń tì í bọ omi ni. Mo ní kó jókòó tì mí. Omi ò sí nítòsí, òógùn yọ níṣojú mi.
Ẹ̀gbọ́n mi Jàríátù — Adájọ́ ni mò ń pè é níbí — ní ọwọ́ òpùrọ́ ní ń làágùn. Kí n dá a padà sí Koussountou ìlú wọn, kí bàbá rẹ̀ bi í léèrè. Mo gbà.

Àlàádì, 19 janvier
Bó bá jẹ́ òtítọ́ ńkọ́?

Àtàlátà, 21 janvier. Tchamba
Mo mú un wá kí dókítà wò ó, kí n lè ní ẹ̀rí lọ́wọ́ tí mo bá ń dá a padà. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní ká lọ sí Sokodé.

Àlàmísì, 30 janvier. Sokodé
Dókítà obìnrin, Lomé ló ti wá. Ó gún un lábẹ́rẹ́ lọ́rùn. Ọwọ́ ló ń dùn ún, ọrùn kẹ̀? Ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ wá rọ wálẹ̀. Mo dìde, mo ní wọ́n ti ba ìyàwó mi jẹ́. Dókítà ní yóò padà sípò.
Ọwọ́ náà móoru. Ó gbẹ. Mo fi etí aṣọ kàn án, kò fà á sẹ́yìn.
“Ó ti dákẹ́,” ni Ràhámátù wí. Ó ń sunkún.
Dókítà ní okùn tín-ín-rín kan wà nínú ara, nerf, òun ní ń mú kí àyà já, kí ara làágùn, bí ẹ̀rù bá bani. Sympathique ni wọ́n ń pè é. (Ní collège, ẹni tó yá mọ́ni là ń pè bẹ́ẹ̀. Èyí ò mọ ojú ẹnì kankan.) Ọgbẹ́ máa ń so ó mọ́ okùn ìrora nígbà mìíràn. Òtútù, ìbínú, ẹ̀rù, gbogbo rẹ̀ di iná. Kì í ṣe irọ́. Abẹ́rẹ́ kàn pa á lẹ́nu mọ́ fúngbà díẹ̀ ni.
Dókítà wá bi í pé kí ló ń dẹ́rù bà á nílé. Ràhámátù wò mí, ó wo ilẹ̀.

Jímọ̀, 31 janvier. Kambolé
Mo sọ fún Ràhámátù pé mi ò lù ú rí.
“Ẹ ò lù mí rí, Bàbá Àsíìsì. Ẹ máa ń ṣọ́ mi ni.”
Ó ní ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ òun, ṣáájú kí ọ̀bẹ tó gé òun.

Àlàádì, 2 février
Adájọ́ wá béèrè ọjọ́ tí a ó dá a padà. Mo ní a ò dá a padà mọ́. Ó pòṣé, ó lọ.
Ràhámátù gbé oúnjẹ wọlé. Mo jókòó, mi ò mọ ibi tí mo lè fi ojú mi sí.