Èmi Ni Mo Kọ Irọ́ Tí Ọkọ Mi Kà Lórí Live

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Èmi ni mo sọ ọkọ mi di ẹni ẹ̀sín lójú ayé, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Kò sẹ́ni tó tì mí. Ẹ má bá mi sọ pé iṣẹ́ èṣù ni, èmi ni, ìka ọwọ́ mi yìí ni mo fi tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, tí mo bá sì rántí ohun tó ṣe fún àbúrò mi, ó máa ń ṣe mí bíi kí n tún un ṣe...

Torino ní Italy là ń gbé. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti dé ìlú yìí, ìyá arúgbó kan ni mò ń tọ́jú, signora tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ọkọ mi ń wa muletto, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbé ẹrù, ní magazzino kan, ilé ìkẹ́rùsí, lẹ́yìn ìlú. Ọmọbìnrin kan, Ìní, ni Ọlọ́run fún wa. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọkọ mi ni igbákejì alága àwọn bàbá. Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó". Nílé, "ẹ" ni mò ń pè é, àmọ́ níbí tí kò sẹ́ni tó mọ̀ mí, ẹ jẹ́ kí ẹnu mi sinmi díẹ̀.

Ohun tí ọkọ mi fẹ́ràn jù láyé yìí kì í ṣe èmi, kì í ṣe bọ́ọ̀lù, ìbò Amẹ́ríkà ni. Kò dé Amẹ́ríkà rí o! Kò mọ orúkọ sindaco tó ń darí Torino tó ń gbé yìí, àmọ́ ẹ bi í ta ló ń du ipò gómìnà ní ìpínlẹ̀ kan lọ́hùn-ún tí kò lè tọ́ka sí lórí máàpù, á sọ fún yín tòun ti orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ó ní page kan tó fi ń ṣàlàyé òṣèlú Amẹ́ríkà ní Yorùbá, live lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú face cap pupa lórí. Àwọn èèyàn wa ní Padova, ní Reggio Emilia, títí dé Ìbàdàn ń wò ó, wọ́n ń pè é ní Ọ̀gá Analyst. Ẹ̀yìn àwọn olóṣèlú tó ń pariwo pé àwọn máa lé gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ló wà. Ọkọ mi o! Ọkọ mi tó gun ọkọ̀ rọ́bà la òkun kọjá láti Libya, tí wọ́n fa ọwọ́ rẹ̀ jáde nínú omi! Lórí live, bàálù ló máa ń sọ pé òun bá wá.

Ẹ wá gbọ́ àṣírí tí followers rẹ̀ ò mọ̀. Ọkọ mi ò gbọ́ English dáadáa. JSS3 ló dé tó fi sílẹ̀. Èmi ni mo ka NCE English, mo tiẹ̀ ti kọ́ àwọn ọmọ níléèwé kí n tó kúrò nílé. Tí signora bá ti jẹun ọ̀sán tán tí wọ́n sùn, èmi ni mo máa ka ìròyìn Amẹ́ríkà, màá kọ ọ́ ní Yorùbá, màá fi ránṣẹ́ sí i, òun á sì kà á sí etí ayé bí ẹni pé inú agbárí rẹ̀ ló ti jáde. Kò dùn mí rárá. Mo ní ọkọ mi ni, ògo rẹ̀, ògo mi ni.

Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ Dàpọ̀ ṣẹlẹ̀...

Dàpọ̀ ni àbúrò mi kan ṣoṣo, ẹ̀yìn mi ni mo fi pọ̀n ọ́n. Ọdún méje ló lò ní Texas, iṣẹ́ kíkan òrùlé ló ń ṣe níbẹ̀, visa rẹ̀ sì ti parí tipẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọlọ́pàá tó ń lé àjèjì mú un lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́. Wọ́n tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọ́n dè é lọ́wọ́, wọ́n dè é lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé e sínú bàálù, ó balẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú báàgì nylon kan ṣoṣo. Nígbà tó pè mí, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó sọ fún mi pé òun tọ̀ sára nínú bàálù yẹn torí pé wọn ò tètè tú òun sílẹ̀ kí òun lọ sí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì. Ó ní, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ fún. Orí ibùsùn wa ni mo ti sọ ọ́, mo gbórí lé àyà ọkọ mi, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ń ní ó mà ṣe o, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́...

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ ra ata ní ọjà Porta Palazzo. Obìnrin kan wà nítòsí ibẹ̀ tó ń ta oúnjẹ ilé wa, oníbàárà rẹ̀ ni mí. Ó wò mí tàánú-tàánú, ó ní, "Mummy Ìní, ẹ kú ọ̀rọ̀ àbúrò yín o. Àmọ́ kí ló dé tí Daddy Ìní fi sọ ọ́ báyẹn?" Mo ní sọ ọ́ báwo? Ó gbé fóònù rẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Mo rí ọkọ mi pẹ̀lú face cap pupa rẹ̀, ó ń fọwọ́ lu tábìlì ìjẹun wa. Ó ní, "Mi ò sọ tẹlòmíì o, àna tèmi gan-an ni, Dàpọ̀! Àlejò tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé tí kò lọ, ṣé kí wọ́n máa se jollof fún un ni? Wọ́n dè é, ó ń tọ̀ sí ṣòkòtò láti Texas dé Èkó!" Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Emoji ẹ̀rín ń fò lọ sókè bí eéṣú. Mo fi ata sílẹ̀ níbẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe wọ tram délé.

Màmá mi ní Ìkirè kì í fi live àna wọn ṣeré o, ṣe ni wọ́n máa ń pe àwọn ará ilé jọ kí wọ́n wá gbọ́ ọmọ àwọn tó gbọ́n. Gbogbo wọn ló pé síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Dàpọ̀, tó ti kó wá sọ́dọ̀ wọn láti Èkó, wà nínú yàrá, ó ń gbọ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ ọ́ ní "Texas-dé-Èkó". Ọmọbìnrin tó ti ń dúró dè é láti ọdún mẹ́rin, àwọn òbí rẹ̀ ránṣẹ́ pé àwọn ò ṣe mọ́. Dàpọ̀ ò jáde nílé mọ́. Màmá mi pè mí, ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n sọ, "Ẹnu ta ni ọkọ rẹ ti gbọ́ ọ?" Kí n tó dáhùn, wọ́n ti pa fóònù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá, ẹ bá mi wò ó... ẹnu ta ni?

Nígbà tí mo bi ọkọ mi léèrè, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní ṣé irọ́ lòun pa ni, ó ní òótọ́ lòun sọ, ó ní kí n lọ wo bí èrò ṣe pọ̀ tó lórí video yẹn, kò sí èyí tí wọ́n wò tó bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò jà. Mo ro èbà fún un, mo gbé omi tì í, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ nínú mi lọ́hùn-ún, ẹ̀jẹ̀ mi ń hó. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo ní, ìwọ ọkùnrin yìí, òótọ́ lo fẹ́ràn, àbí? Ó dáa. Òótọ́ náà gan-an ni mo máa gbà lọ́wọ́ rẹ.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ fún un pé ìpínlẹ̀ méjìléláàádọ́ta ló wà ní Amẹ́ríkà, ó kà á bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ pé olùdíje kan ti lọ ṣe ìrìbọmi lẹ́ẹ̀kejì nínú odò, ó kà á, ó tún fi àdúrà gbè é lẹ́sẹ̀, àwọn èèyàn ń ṣe àmín. Tí ẹnì kan bá ti já a nírọ́ nínú comment, á sáré wá bá mi, "Ìyá Ìní, ṣé kì í ṣe ìwọ lo kọ ọ́ sí mi báyìí?" Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, láti orí fóònù tèmi, mo ti pa èyí tí mo kọ́kọ́ kọ rẹ́, mo ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Màá ní ẹ wo fóònù yín, Bàbá Ìní, àádọ́ta ni mo kọ. Á wo fóònù. Á wo ojú mi. Á fọwọ́ ra iwájú orí. Ẹ má bú mi jù, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́... ó ń dùn mọ́ mi. Bí oyin ló rí lẹ́nu mi.

Ìbò gómìnà kan wá dé ní Amẹ́ríkà tí ọkọ mi ti fi oṣù mẹ́ta pariwo lé lórí. Ó ti ní tí ọkùnrin tí òun wà lẹ́yìn rẹ̀ kò bá wọlé, òun á bọ́ fìlà òun lójú gbogbo ayé. Turno òru, iṣẹ́ àṣemọ́jú, ló ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìbò, torí náà kò rí nǹkan kan wò, ààrọ̀ ló wọlé pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ó ní Ìyá Ìní, ta ló wọlé? Mo ti mọ̀ pé ọkùnrin rẹ̀ ti fìdí rẹmi. Mo kọ ọ́ pé ó wọlé gbọ̀ngbọ̀n. Mo tiẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, èmi fúnra mi ni mo hun ún, ó dùn gan-an. Ọkọ mi tan live, ó jó, ó kọ orin ìdúpẹ́, ó ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yẹn pẹ̀lú omi lójú. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ. Ni obìnrin Yorùbá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ yẹn gan-an bá wọlé, ó ní, "Bọ̀dá, mo dìbò lánàá. Ọkùnrin yín ti pe ẹni tó nà án, ó ti kí i kú oríire. Irú Amẹ́ríkà wo lẹ ń sọ?" Àwọn kan fi fídíò ọkùnrin náà síbẹ̀ níbi tó ti ń gbà pé òun kò wọlé. Ọkọ mi wò ó tán, ó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ fìlà pupa náà. Ìdáná ni mo wà, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo ń fi aṣọ nu àwo kan náà láìmọye ìgbà, mo ń rẹ́rìn-ín sínú.

Wọ́n gé video náà káàkiri. Ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ní Padova tí wọ́n ti pè é kó wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní kó má wulẹ̀ wá mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀dọ́ ń bi í pé gómìnà ńkọ́? Ó ti page náà pa. Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Mo rò pé màá sùn dáadáa.

Ẹ̀yin ará mi, ohun tí mi ò rò ló ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi ò fura sí mi rárá. Orí ara rẹ̀ ló fura sí. Ó ní òun ń ka nǹkan tí kò sí níbẹ̀, òun ń gbọ́ nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò sọ. Bàbá rẹ̀ ṣe àrùn ìgbàgbé kí wọ́n tó kú, ó ní ó ti dé bá òun nìyẹn. Ó lọ bá capo rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó ní kí wọ́n gba muletto lọ́wọ́ òun kí òun má lọ fi pa èèyàn. Wọ́n gbé e sídìí iṣẹ́ ìgbálẹ̀. Dókítà ti kọ àyẹ̀wò orí fún un ní ọsibítù. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ó tún ṣe ohun tí mo ti ń retí láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn: ó pe màmá mi, ó pe Dàpọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀ pálọ̀, níwájú fóònù, ó ń sunkún, ó ní ohun tí òun fi ẹnu òun ṣe ni Ọlọ́run fi ń fìyà jẹ orí òun.

Dàpọ̀ pè mí lẹ́yìn náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dárí jì wọ́n látọkàn wá. Ẹ bá mi tọ́jú wọn o." Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ yẹn òun jáde lọ gẹrun, ìgbà àkọ́kọ́ tó jáde látọjọ́ yẹn nìyẹn. Màmá mi náà ti ń bá mi sọ̀rọ̀ padà.

Tí mo bá jẹ́wọ́ báyìí ńkọ́? Ṣé kò ní kó ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jẹ? Ṣé kò ní tún tan live, kó tún da ilé wa síta? Ṣé Dàpọ̀ ò ní padà sínú yàrá yẹn? Tí mi ò bá sì jẹ́wọ́, ọkùnrin tí orí rẹ̀ pé pérépéré á máa gbálẹ̀, á máa dúró de wèrè tí kò bọ̀. Apá kan nínú mi ń sọ pé kó dúró dè é, kó mọ bí ó ṣe máa ń rí kí ojú ti èèyàn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àbí ìyà rẹ̀ ti tó? Ta ló ń wọn ìyà, ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló mọ ìgbà tó kún?

Àná ló gbé bébà àti bírò wá bá mi. Ó ní kí n kọ orúkọ mi àti nọ́ńbà fóònù mi síbẹ̀, kí òun máa fi sápò, kó má di pé òun sọnù lójú ọ̀nà iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ò sì mọ ta ni wọ́n máa pè. Mo kọ ọ́. Mo ká a, mo fi sínú àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo sì bá a fa síìpù rẹ̀. 

Ọjọ́bọ̀ ni àyẹ̀wò náà. Ó ní kí n bá òun lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílé ọkọ, ṣé kí n sọ fún un kí a tó kúrò nílé ni, àbí kí n jẹ́ kí dókítà sọ fún un pé kò sí ohun tó ṣe orí rẹ̀, kí èmi náà sì dákẹ́ títí ayé?