Iná Tí Ràúdátù Dá Sílé Wa

Òkè-Ọ̀yì,
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.

Ràúdátù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá wà ní àlàáfíà, ṣé ẹ ń rí omi pọn, ṣé iná mànàmáná ń wá fún kọ̀ǹpútà rẹ, ṣé o sì ń kírun lásìkò? Àwa náà wà níbí, àlùhámúdù lílááhì. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o má fi búrẹ́dì ṣe oúnjẹ àárọ̀, kí o tún fi ṣe tọ̀sán. Ewúrẹ́ tí pátákò rẹ̀ wú lọ́jọ́ tí o wá sílé ti ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ò ràn án lọ́wọ́. Ọlọ́hun Ọba á dá ẹ̀mí gbogbo wa sí.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé mo kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù wà lóòótọ́, ó wà lórí pẹpẹ níbi tí mo dojú ẹ̀ délẹ̀ sí. Ohun tó lè jó ilé mi níṣojú gbogbo ayé, tí èmi onílé jókòó síbẹ̀ tí mi ò mọ̀, mi ò lè bá a sọ ọ̀rọ̀ àṣírí mọ́. Awakọ̀ tó máa ń kó iṣu ìyá rẹ lọ sí ọjà Ìpátá ló máa mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Bí ó bá ní òun ò kà á, wo ẹnu àpò lẹ́tà náà dáadáa, ẹ̀kọ tútù ni mo fi lẹ̀ ẹ́ pa.

Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ iná, jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ lórí iṣẹ́ tí ò ń kọ́. Lọ́jọ́ tí o sọ pé ànímẹ́ṣọ̀n lo fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, inú mi dùn, torí nígbà tí èmi wà ní pírámárì, tíṣà wa kọ́ wa pé ánímà ni òyìnbó ń pe ẹran. Mo wá rò pé dókítà ẹran lo fẹ́ dà, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe sọ ọ́ fún gbogbo Òkè-Ọ̀yì láti ọdún méjì yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fa ewúrẹ́ yẹn kalẹ̀ fún ọ, tí o yọ fóònù tí o ya pátákò rẹ̀, tí o rẹ́rìn-ín, tí o lọ. Mo rò pé ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́bọ̀ ìjẹta tí ìwọ àti ìyá rẹ sọ̀rọ̀ tán ló tó ṣàlàyé fún mi pé kò sí ẹran nínú ẹ̀. Ó ní àwòrán lẹ máa ń mú rìn, pé ẹ sì máa ń fi ohun tí kò sí síbi tí kò sí, kí ojú lè rí i bíi pé ó wà. Mo ní ṣé ìyẹn ni wọ́n ń fi ọdún mẹ́rin kọ́, nígbà tí àwọn tó ń wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa ń ṣe é láìlọ ilé-ìwé kankan?

Mo sì rántí fọ́ọ̀mù yẹn. O ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ nígbà tí o fà á yọ, o ní kí n fọwọ́ sí i, pé ilé-ìwé ní dandan ni kí onílé yọ̀ǹda ilé. Mo rò pé ti yàrá tí ẹ ń gbé lọ́hùn-ún ni. Níbi tí wọ́n ti bèèrè àjọṣe tó wà láàárín èmi àti ilé náà, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kò sí ìjà. Àṣé èmi fúnra mi ni mo fi bírò yọ̀ǹda pé kí wọ́n jó ilé mi.

Ó di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yìí. Ìyá rẹ ti lọ sí Ìpátá. Èmi nìkan wà níwájú ilé, mo ń fi epo àti iyọ̀ ra pátákò ewúrẹ́, nígbà tí mo gbọ́ ìró ọ̀kadà tó ń bọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Hàrúnà ni. Hàrúnà àbúrò mi, bàbá rẹ kékeré tó ń ta aṣọ ní Ọjà Tuntun, tí kò tẹ ilẹ̀ yìí láti ọdún mẹ́fà. Ó wò mí, ó ní àlùhámúdù lílááhì, kò kí mi, ó sá kọjá lára mi wọnú ilé. Kí n tó fi ewúrẹ́ sílẹ̀, ó ti jáde padà, àpótí tí ìyá wa fi sílẹ̀ wà lórí rẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mi ò rò pé o mọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tí ìyá àgbà rẹ, Àbẹ̀ní, jáde láyé, Hàrúnà wà ní Kánò, ó lọ ra ọjà. A pe fóònù rẹ̀ títí, kò lọ. Alfa Mahmud ní a kì í dá òkú dúró, a sì kírun sí i lára, a sin ín kó tó di Aláásárì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ni Hàrúnà tó dé, ó bá erùpẹ̀. Ó ní a sin ìyá òun bí ẹni pé kò bí ju ẹyọ ọmọ kan lọ. Ó yẹ kí n dákẹ́. Mi ò dákẹ́, mo ní òkú kì í dúró de ẹni tó ń náwó aṣọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé lọ, kò sì gbé e padà wá. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, mo ń retí kí ó wá bẹ̀ mí. Òun náà, mo gbọ́ pé ó ń retí kí n wá.

Nítorí náà nígbà tí mo rí àpótí ìyá wa lórí rẹ̀, mo ní ó ti parí, Hàrúnà ti di olè. Mo di etí àpótí kan mú. Ó di èkejì mú. Mo ní kó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun gbé e jìnnà ná, iná. Mo ní iná wo? Ó ní Ẹ̀gbọ́n, iná! Ó wá gbójú sókè wo òrùlé. Páànù wà lókè bí mo ṣe kàn án. Ó wo ògiri. Ó tún wò mí. Ni ó bá jọ̀wọ́ rẹ̀, àpótí bọ́ sílẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi.

Ó fa fóònù yọ, ó fi hàn mí. Sadiya ọmọ rẹ̀ ló rí fídíò tí o gbé sí ibi tí ẹ ń pè ní sítétọ́ọ̀sì lórí fóònù, tí èmi rò pé ìpínlẹ̀ kan ni. Ràúdátù, mo rí ilé mi. Iná ń yọ lójú fèrèsé yàrá ìyá àgbà rẹ, òrùlé ń wó, èéfín dúdú gba ojú ọ̀run. Mo sì rí ara mi níwájú rẹ̀, mo jókòó lórí àpótí ìjókòó mi, mo ń bó ẹ̀pà jẹ, bí o ṣe yà mí lọ́jọ́ tí o wá sílé. Iná ń jó lẹ́yìn mi, mi ò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò. Mo bó ọ̀kan, mo jù ú sẹ́nu, mo bó òmíràn. Ojú tì mí gan-an. Mo ní irú ọkùnrin wo nìyí? Hàrúnà ní ohun tó lé òun kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà nìyẹn, pé òun rò pé èéfín ti gba ọpọlọ mi, pé nígbà tí òun dé tí òun rí mi láàyè níta ni ọkàn òun ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sórí àpótí.

Mo ní mo wà láàyè. Ó ní òun rí i. A sì jókòó sórí àpótí náà, àwa méjèèjì. Omi ń bọ́ lójú wa. Èéfín ni.

Gbogbo àdúgbò ti ń dé nígbà náà. Alfa Mahmud gbé garawa omi ńlá kan wá, nígbà tí kò rí iná tó máa pa, ó jókòó, ó fi ṣe àlùwàlá. Ìyá rẹ sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú igbe, àwọn ará Ìpátá ti fi fídíò náà hàn án lọ́hùn-ún, kò rántí iṣu kankan. Ó rí ilé, ó dákẹ́. Ó rí Hàrúnà, ó tún ké. Ó ní bí ilé kò ṣe jó kò ya òun lẹ́nu tó bí òun ṣe rí àwa méjèèjì lórí ìjókòó kan. Ó wá bèèrè ohun tó ṣe wá lójú. Mo ní èéfín. Ó ní èéfín wo nígbà tí kò síná? Mo ní kó má dá mi lẹ́jọ́, iná tó mú ènìyàn fi bàtà ẹsẹ̀ kan kúrò ní Ọjà Tuntun, a jẹ́ pé ó ní èéfín tirẹ̀.

Hàrúnà wọ yàrá ìyá wa, ó jókòó sórí ẹní tí ìyá máa ń kírun lé, ó fọwọ́ kan bùtà rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Nígbà tí a kírun Aláásárì tán, ó bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹnì kan ya fọ́tò lọ́jọ́ ìsìnkú. Mo gbé èyí tí ọmọ Alfa Mahmud yà fún un, tí wọ́n tẹ̀ jáde nílùú, tí mo fi sábẹ́ ẹní láti ọjọ́ yẹn. Àwa tí a tò láti kírun sí i lára ló wà níbẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó ní ta ló yẹ kó wà ní apá ọ̀tún mi, pé àyè ṣófo níbẹ̀. Mo ní mi ò rántí. Ó kí wa pé ó dàbọ̀, ó ní òun á padà wá ní Jímọ̀ọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pẹ̀lú ìyàwó àti Sadiya.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ owó. Mo gbọ́ pé gbogbo nǹkan ni ilé-ìwé ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ó yẹ kí àwọn náà fún mi ní nǹkan gbà-má-bínú fún ilé tí wọ́n jó. Mi ò ní kí wọ́n kọ́ ilé tuntun, owó páànù nìkan, ti apá ibi tó jó jù. Bí wọ́n bá ní páànù ṣì wà lókè, bi wọ́n pé nígbà tí wọ́n ń fi hàn aráyé, ṣé wọ́n sọ pé ó wà? Bí wọn ò bá gbà, yọ díẹ̀ nínú owó oúnjẹ tí ìyá rẹ fi ránṣẹ́ sí ọ, kí o dá a padà sí mi, má jẹ́ kó mọ̀. Ẹyẹ awó méjì ni mo fẹ́ fi rà de àwọn Hàrúnà.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyí. Fọ́tò náà wà nínú rẹ̀, má jẹ́ kó rún. Irọ́ ni mo pa fún Hàrúnà. Mo rántí. Èmi ni mo fi àyè yẹn sílẹ̀. Alfa Mahmud wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ká sún mọ́ra kí ìlà ìrun pé, mo ṣe bí ẹni tí etí rẹ̀ di. Mo ní bóyá ọkọ̀ Kánò á já lójú títì kí a tó kábárà bẹ̀rẹ̀ ìrun. Mi ò lè sọ ọ́ lójú Hàrúnà, ẹnu mi ò gbé e. Ìwọ tí o lè fi iná sílé tí kò jó, fi àbúrò mi síbẹ̀ fún mi. Apá ọ̀tún mi ni, má fi í sẹ́yìn. Wọ̀ ọ́ ní jalabíà funfun. Mi ò tíì bi Alfa bóyá ó dára, mi ò sì ní bi í. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa ń fi omijé náà sójú ènìyàn, fi díẹ̀ sí i lójú, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó sunkún jù mí lọ.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ọwọ́ rẹ, kí ohun tí o bá fi ṣe máa kó ẹbí jọ. Kó fún ọ ní ìmọ̀ tí kò ní í yà ọ́ kúrò lára wa. Kí iná gidi má mọ ọ̀nà ilé wa láé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọ̀ṣẹ́nì.