Koríko Tí Kì í Mu Omi

Bàbá Yesenia,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀wà wà lórí sítóòfù, má dá a jẹ tán.

Koríko oníke tí o tẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé bíi pápá bọ́ọ̀lù yẹn rẹwà, mo gbà. Kí n tó jáde, ìyá rẹ ní àwọn fẹ́ lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ àwọn. Wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀ kí wọ́n má baà kó erùpẹ̀ sí i. Wọn ò tíì dé àárín tí wọ́n fi ń ta pọ́ún bíi gúgúrú inú ìkòkò. Mo kọ́kọ́ rò pé ijó ni. Wọ́n ti ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù báyìí, wọ́n ní kò dun àwọn, pé kí n má sọ fún ọ. Mi ò sọ fún ọ, mo kọ ọ́ ni. Ajá wa gbọ́n jù wá lọ, kì í gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án.

Àwọn ọ̀rẹ́ Yesenia ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, o sì mọ bí oòrùn Tucson ṣe ń mú kí oníke gbóná bí iná. Jọ̀ọ́, bomi rin ín kí ọmọ ọlọ́mọ tó gbẹ́sẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni, koríko oníke ni mo ní kí o bomi rin. Mo rántí pé ọjọ́ tí o hú koríko Ọlọ́run dànù, o búra lójú gbogbo àdúgbò pé o ò ní bomi rin koríko mọ́ láyé.

Rọ́bà gígùn tí a fi ń fa omi sí koríko, tí o ní kí n lọ jù nù, wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo mọ ẹni tí mo fẹ́.

Maricruz