Ìgbésí Ayé Màmá Wa, Alásè Tí Kò Pa Olórí

Ọdún 1936 ni a bí Màmá wa, lójúlé alágbẹ̀dẹ. Bàbá wọn ń rọ irin, ìyá wọn ń ṣe búrẹ́dì tà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe Màmá ní Aṣíkòkò, nítorí kò sí ìkòkò kan lórí iná tí wọn kì í ṣí wò.

Màmá ka ìwé mẹ́fà. Wọn ì bá tẹ̀ síwájú, àmọ́ ìyá wọn ṣàìsàn, ìdí búrẹ́dì sì di tiwọn. Lọ́dún 1957 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, kápẹ́ńtà tó máa ń ṣàwàdà pé òun ò mọ̀ bóyá ìyàwó ni òun fẹ́ àbí ọbẹ̀. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn.

Ní 1962, Màmá di alásè nílé olórí ìjọba. Olórí fẹ́ràn oúnjẹ wọn débi pé òun fúnra rẹ̀ á yọjú sílé ìdáná, á ní, "Alásè, kí la fẹ́ jẹ lónìí?"

Lọ́jọ́ kan ní 1968, olórí sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó jókòó sídìí tábìlì, àfi gbì! Ó ṣubú, ó sì kú kó tó fọwọ́ kan ṣíbí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, rédíò ti kéde pé májèlé ni, àwọn tó gbàjọba sì ti ti Màmá mọ́lé. Nígbà tí wọn ò rí ẹ̀rí, wọ́n ní kí Màmá máa lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ pé Màmá ò jẹ̀bi. Ìyẹn ló dùn wọ́n jù.

Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ má bínú, òótọ́ ọ̀rọ̀ la fẹ́ sọ. Bí Màmá bá gbé oúnjẹ fún àlejò, ikùn àlejò á ṣàdéédéé yó. Nínú ìjọ tí wọ́n fi tọkàntọkàn sìn, abọ́ fífọ̀ ni àwọn ìyá ìjọ máa ń yàn fún wọn nígbàkigbà tí ìjọ bá ń se àsè. Màmá á fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Nílé, wọ́n á kọ́kọ́ jẹ nínú oúnjẹ lójú wa kí wọ́n tó bù ú fún àwa ọmọ bíbí inú wọn. Àdúrà wọn kò ju kan lọ: kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwọn gbé ẹ̀sùn yẹn wọ sàréè.

Ọlọ́run gbọ́. Ní 2003, ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ìwà ọ̀daràn àwọn ìjọba àtijọ́ pe ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ olórí nígbà náà. Ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ó ní, "Àwa la fi májèlé sómi tó mu nínú ọkọ̀. Alásè ò mọwọ́ mẹsẹ̀." Gbogbo àwa tá a bá Màmá lọ síbẹ̀ bú sẹ́kún. Màmá mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, ebi ń pa mí."

Àríyànjiyàn ò kúkú tán. Àwọn òpìtàn kan ní àìsàn ló pa olórí, àwọn mìíràn ní ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ń bo ẹni tó rán an níṣẹ́. Kí wọ́n máa jà á lọ, ara ti tu àwa. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ jẹ́wọ́, olórí àwọn ìyá ìjọ gbé ìgbakọ lé Màmá lọ́wọ́. Inú Màmá dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ìjọ jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì mu omi bí ẹṣin.

Màmá sùn lọ́dún yìí, wọn ò sì jí mọ́. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ, kápẹ́ńtà kan, nọ́ọ̀sì kan, tíṣà kan, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin olórí tó kú wá kí wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ kó kórìíra Màmá. Màmá bu oúnjẹ fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó na abọ́ sí wọn, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù sí i fún mi."

Ẹ sùn re, Màmá. Kò sẹ́ni tó ń bá yín ṣẹjọ́ mọ́.