Ohun Tí Mo Hágún Lẹ́yìn Tí Mánájà Kú Ní Tòótọ́

ÈMI, Elizabeth Adérìnsọ́lá Ògúntádé, ọmọ bíbí Ìlúpéjú-Èkìtì, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, tí mo ń gbé ní Òyè-Èkìtì, tí mo ń tún sípíkà àti jẹnẹrétọ̀ ṣe jẹun, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ọpọlọ mi sì jí pépé. Etí mi ọ̀tún nìkan ni kò gbọ́ràn mọ́, ogbó kọ́ ni ó sì fà á: ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù Ràṣídì. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì rọ mí lọ́tí. Ìwé ìhágún èyíkéyìí tí mo ti kọ ṣáájú èyí, ẹ fi dáná.

Ẹ̀yin tí ẹ óò jogún mi, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ohun ìní mi kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi ni ó pọ̀.

ABALA KÌÍNÍ. Àbúrò mi, Joshua Ògúntádé, àgbẹ̀ kòkó ní Ìlúpéjú, àti Arábìnrin Níkẹ́ Arówólò ti Ayédé-Èkìtì, ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Bí ẹnu wọn kò bá kò, kí a tẹ̀lé ti Joshua lórí ọ̀rọ̀ oko, kí a sì tẹ̀lé ti Níkẹ́ lórí gbogbo ohun yòókù, nítorí Joshua kò lè sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni, títí kan ewúrẹ́ tó ń jẹ iṣu rẹ̀.

Ẹ óò béèrè ìdí tí mo fi yan Níkẹ́, obìnrin tí gbogbo yín mọ̀ pé n kì í yà sí ilé rẹ̀. Òun ni opó Bánkọ́lé Arówólò, ẹni tí gbogbo Òyè, Ìkọ̀lé àti Ìdó ń pè ní Mánájà. Mánájà ni ó kó wa jọ ní ọdún 1990, èmi olórin, Ràṣídì onílù, àti àwọn méjì tí wọ́n ti sá lọ sí òkè òkun, tí ó sọ wá ní Ẹgbẹ́ Ọ̀yájú. Orin pọ́ǹkì ni a ń kọ: orin tí kì í tó mínítì mẹ́ta, tí ìlù rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé, tí a sì ń fi igbe bú ẹnikẹ́ni tó bá wà nípò àṣẹ. A kò mọ gìtá ta. Mánájà ní kí a má wulẹ̀ kọ́ ọ. Ó ní ẹni tó bá ti mọ nǹkan ṣe, ẹ̀rù á máa bà á kó má bàjẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún yìí, Níkẹ́ pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Líìsì, Mánájà ti kú. Orí ibùsùn ni mo bá a." Mo dáhùn pé, "Níkẹ́, bá mi sọ fún un pé eléyìí kò dùn mọ́," mo sì pa fóònù.

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Mánájà ti kú rí. Ní ọdún 2003 ó lẹ ìwé ìkéde òkú ara rẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri Ìkọ̀lé, ó sì yọ síbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, ó ń ta kásẹ́ẹ̀tì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ni yóò gbà pé ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ní ìdákẹ́jẹ́ rí láyé rẹ̀ kàn rọra sùn, tó sì kú?

ABALA KEJÌ. Ilé mi ní Òyè, pẹ̀lú kànga rẹ̀ àti ìgbọ̀nsẹ̀ méjèèjì, mo fi í fún ọmọ mi kan ṣoṣo, Àánúolúwa. Àánú, o lè háyà àwọn yàrá ẹ̀yìn fún akẹ́kọ̀ọ́. O kò gbọdọ̀ háyà yàrá iwájú fún ìjọ kankan tí ó ní ju sípíkà kan lọ. Èmi ni mo ń tún sípíkà wọn ṣe, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá rẹ kò ní ìpín nínú ilé yìí. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó ti ní ilé méjì àti ìyàwó méjì, ẹ̀mí rẹ̀ kò sì tíì balẹ̀ nínú ìkankan.

ABALA KẸTA. Òbúkọ mi dúdú, tí mo sọ ní Mánájà nítorí pé ó máa ń wọ ibi tí a kò pè é, tí òórùn rẹ̀ á sì ṣáájú rẹ̀ dé, mo fi í fún Fíkà, àlùfáà ìjọ tí ó sin Bánkọ́lé. Ó tọ́ sí i. N óò sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ka ìkéde ikú náà lórí rédíò, ẹni tó kà á fi kún un pé àwọn kò lè jẹ́rìí sí i. Àwọn ọlọ́kadà ní gáréèjì Òyè ń bi ara wọn pé èló ni tíkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin kan tí ó ń ta búrẹ́dì ní iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní tí ó bá jẹ́ òótọ́, òun á gbààwẹ̀, tí ó bá jẹ́ irọ́, òun á lọ wò ó. Fíkà ní tiẹ̀ ní òun kò ní la ẹnu òun gbàdúrà lórí òkú tí òun kò fojú rí, kí wọ́n má lọ fi òun ṣe eré. Níkẹ́ wá bẹ̀ mí pé kí n mú Fíkà lọ sí ilé ìgbókùúsí ní Ìdó. Mo lọ, nítorí èmi náà fẹ́ mọ̀.

Fíkà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Èmi wọlé. Mo já Mánájà ní èékánná ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, mo já a dáadáa. Ó tutù bí ẹja inú yìnyín, kò sì mira.

Fíkà béèrè pé, "Ṣé òun ni?"

Mo ní, "Òun ni."

"Ṣé ó dá yín lójú pé ó ti kú?"

Mo ní, "Fíkà, ẹ wọlé kí ẹ já a ní tiyín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Fíkà wọlé. Ó ká ọwọ́ aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó já a, ó dúró díẹ̀, ó tún un já, ó sì ní, "Àmín." Ẹni tó ní irú ìgboyà yẹn, òbúkọ kan kéré fún un.

ABALA KẸRIN. Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì Ẹgbẹ́ Ọ̀yájú tó wà nínú àpótí abẹ́ ibùsùn mi, mo fi wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó wà ní Òyè níbí, àwọn tí wọ́n fá irun wọn lápá kan tí wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀. A kò tíì bí wọn nígbà tí à ń kọrin. Orí fóònù ni wọ́n ti gbọ́ wa. Lẹ́yìn tí Mánájà kú, wọ́n gbé àbẹ́là wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ń sunkún, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Gift sì sọ fún mi pé akọni ni Mánájà. Mo sọ fún un pé akọni yìí tú ewúrẹ́ mọ́kànlá sínú gbọ̀ngàn rí nítorí pé èrò kò pọ̀ tó. Gift tún sunkún sí i. Ó ní ìyẹn gan-an ni òun ń sọ.

Àwọn wọ̀nyẹn ṣì sàn. Ọ̀gá ilé ìwé kan tí ó fi ajá lé wa jáde ní ọdún 1992 kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí òkú náà pé, "A pàdánù ọmọlúàbí." Mánájà ì bá pè é lẹ́jọ́.

ABALA KARÙN-ÚN. Àwọn irinṣẹ́ mi gbogbo, àti pósí tí mo ń kó wáyà sí, mo fi wọ́n fún Alájì Ràṣídì, onílù wa, tí ó ń ta pákó ní Ìkọ̀lé báyìí. Òun ni ó kan pósí náà, kí ó gbà á padà.

Àánú, o máa ń béèrè lọ́wọ́ mi kí ni pósí ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1994, tíkẹ́ẹ̀tì eré wa ní Òyè kò tà. Ní ọ̀sán ọjọ́ eré, rédíò kéde pé Líìsì Ògúntádé, ọmọ Ìlúpéjú, olórin Ẹgbẹ́ Ọ̀yájú, ti kú, àti pé a óò tẹ́ òkú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Gbọ̀ngàn kún títí dé ojú títì. Wọ́n gbé mi wọlé nínú pósí, Ràṣídì lu ìlù, mo fi ẹsẹ̀ ta ìdérí dànù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ìyá mi gbọ́ rédíò náà ní ìdí gàrí tí ó ń yan. Ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìlúpéjú láìwọ bàtà. Ó wọ gbọ̀ngàn ní déédéé ìgbà tí mo dìde. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó gun orí pèpéle, ó sì gbá Mánájà létí, ìgbátí tó jẹ́ pé máíkù gbé ohùn rẹ̀. Àwọn èrò rò pé ara eré ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí ó tún un ṣe.

Ọdún méjì ni ìyá mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá béèrè mi, á ní, "Ọmọ mi ti kú, ẹ kò gbọ́ rédíò ni?" Ẹgbẹ́ wa tú ká ní ọdún 1996, èmi náà sì kúrò lọ́dọ̀ Mánájà. Gbogbo ayé ni mo sọ fún pé òun ni ó pa mí lójú ìyá mi.

ABALA KẸFÀ. Nípa ìsìnkú mi. Ẹ gbé mi sínú pósí tí kò ní ìdérí títí a ó fi dé etí ihò. Kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì wá já mi ní èékánná. Ohun tí mo rí ní Ayédé ni mo fi ń sọ èyí.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ni a sin Mánájà. Ràṣídì ti ní òun kò ní wá. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ó pé ọjọ́ mẹ́jọ nínú ilẹ̀ kí òórùn rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́rìí, èmi wà n'ulé mi." Ṣùgbọ́n ó wá, ó dúró lẹ́yìn, ó ká apá mọ́ àyà. Èrò pọ̀ ju ti òṣèlú lọ. Fíkà gbàdúrà parí, wọ́n sọ pósí kalẹ̀, ó ku kí a da iyẹ̀pẹ̀. Kò sí ẹni tó mira. Gbogbo wọn gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya ihò náà. A ń dúró kí ó yọ. Àwọn tí ń wa ilẹ̀ fi ṣọ́bìrì tilẹ̀, àwọn náà ń dúró. Àkùkọ kan kọ nílé kejì, àwọn kan rẹ́rìn-ín, fóònù kò sì wálẹ̀.

Mo wá gbọ́ ohùn ara mi. Mo ń pariwo pé, "Mánájà, ẹ dìde! Ó tó báyìí, ẹ dìde!"

Kò dìde. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ tó bú sẹ́kún ni Ràṣídì, ó ń ké bí ọmọdé, ó ń ní, "Ó kú lóòótọ́! Wọ́n mà ní ó kú lóòótọ́!"

ABALA KEJE. Oko kòkó ìyá wa ní Ìlúpéjú, ìpín tèmi nínú rẹ̀, mo fi í fún Joshua.

Lẹ́yìn ìsìnkú náà, Joshua àti èmi jókòó sábẹ́ igi ọsàn, ó ń jẹ ìrẹsì. Ó ní, "Ta ni yóò máa wá gba ìgbátí lóṣù kẹjọ báyìí?" Mo ní kí ni ó ń wí. Ó ní ṣé n kò mọ̀ ni. Láti ọdún 1995 títí ìyá wa fi kú ní ọdún 2011, lọ́dọọdún ni Mánájà máa ń wá sí Ìlúpéjú nínú oṣù kẹjọ. Á dọ̀bálẹ̀, á dìde, á sì na ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i. Ìyá wa á gbá a létí, á wá ní, "Ó tó. Wá jẹ iyán, kí o tó re ulé." Ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìyá wa ní kí wọ́n má sọ fún mi.

Joshua rò pé inú mi yóò dùn. Èmi gbé omi tí mò ń mu sílẹ̀.

Mo ń kọ ọ́ síhìn-ín, nínú ìwé tí òfin mọ̀: Mánájà kọ́ ni ó kọ ìkéde rédíò náà. Èmi ni. Ohun tí Mánájà fẹ́ ni kí a ní olórin kan ti kú, láìdárúkọ. Èmi ni mo ní kí a dárúkọ mi, kí a dárúkọ ìlú mi, torí mo fẹ́ mọ iye ẹni tí yóò sunkún mi. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi kọ ọ́, tí mo gbé e lọ sí ilé rédíò. N kò rántí pé ìyá mi ní rédíò. Nígbà tí ìyá mi gbá Mánájà létí lórí pèpéle, Mánájà wò mí, ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Mo wo ilẹ̀. Mánájà kò tú àṣírí mi fún ìyá mi títí ìyá mi fi kú.

Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, mo lọ bá Níkẹ́ ní Ayédé, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n Líìsì. Ó ti sọ fún mi kí a tó fẹ́ra. Ó ní kí n má yọ yín lẹ́nu, ẹ óò sọ ọ́ tí ó bá yá." Mo jókòó tì í. A ṣa ẹ̀wà náà títí ó fi tán.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohun tí mo fi sílẹ̀, kí Joshua lọ sí ojú oórì ìyá wa, kí ó ka abala keje yìí síta. Mo ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti kà á fúnra mi. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà sílé. Joshua, kà á sókè. Má kùn. Ìyá wa kò fẹ́ràn ẹni tó ń kùn.

Mo fọwọ́ sí i ní Òyè-Èkìtì, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 2025, pẹ̀lú bírò ara mi.

ELIZABETH ADÉRÌNSỌ́LÁ ÒGÚNTÁDÉ

Ó fọwọ́ sí i lójú àwa méjèèjì, a kò sì ní ìpín nínú rẹ̀:

Ìrètí Fálànà, olùkọ́, Òyè-Èkìtì.

Aishat Bùsárì, aránbàtà, Òyè-Èkìtì.