Sarapíà Inú Ìṣẹ́tí Aṣọ

Etí odò Caura, lókè Maripa,
Oṣù Kẹta, ní àsìkò tí èso igi sarapíà ń já.

Maigualida, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí Rómulo ọkọ rẹ, mo sì kí Anaís ọmọ-ọmọ mi, tí n kò tíì gbé tẹ́rùn kí n tó padà sílé. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ọmọ ń mu ọmú dáadáa? Àdúrà mi ni pé kí àìsàn má mọ ojú ọ̀nà ilé yín. Ní tèmi, ara mi dá, ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbé mi wọ igbó, mo sì ń jẹun. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́ síbí pé inú mi dùn, irọ́ ni mo pa. Inú ń bí mi, Maigualida. Láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ yín ní Caracas ni inú ti ń bí mi, kò sì tíì rọ̀.

Gbogbo abúlé ló ti mọ̀. Bí mo bá ń gún nǹkan nínú odó, àwọn aládùúgbò á ní kí n rọra, odó kọ́ ló ṣẹ̀ mí. Críspulo àbúrò mi, tí o mọ̀ pé kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kó má fi ṣeré, dúró ní èbúté lójú gbogbo èrò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ pé ẹ ti di àjẹ́ ní Caracas. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi, bóyá á yéé kú sáàárín odò." Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Mo ní kó gbé ẹnu rẹ̀ jìnnà sí mi.

Má ṣe sọ pé o kò mọ ohun tó ń bí mi nínú. Ọjọ́ tó ṣáájú ìsàmì Anaís ni mo tú ẹrù mi ní pálọ̀ yín, tí mo yọ aṣọ ìsàmì ìdílé wa jáde. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Doña Hercilia, ìyá ọkọ rẹ, dìde lórí àga, ó ń fín imú kiri. Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi láì tọrọ, ó fọwọ́ tẹ ìṣẹ́tí rẹ̀, ó ní nǹkan kan le síbẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó ti fi àlùmọ́gàjí tú ojú rírán rẹ̀. Àwọn kóró sarapíà já bọ́ sílẹ̀, dúdú, híhunjọ, pẹ̀lú funfun tó bo ara wọn bí iyọ̀. Ó pe àwọn ará ilé. Ó ní, "Ẹ wá wo ohun tí wọ́n rán mọ́ aṣọ ọmọ tuntun. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni àbí oògùn? Ó tiẹ̀ ti bu."

Mo sọ fún un pẹ̀lẹ́tù pé, "Ìyá Rómulo, sarapíà ni. Ẹ má bẹ̀rù." Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀dọ̀ rẹ ló kọjú sí. Ó ní, "Maigualida, ṣé o mọ nǹkan yìí?" Ìwọ jókòó, o gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, o wo ilẹ̀, o ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n, Mamá." Òun lo pè ní Mamá, níṣojú mi. Ó kó aṣọ, ó kó kóró, ó jù wọ́n sínú iná tí wọ́n fi ń sun ewé lẹ́yìnkùlé. Mo sáré tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n òwú àtijọ́ kì í pẹ́ jó. Obìnrin kan yọ orí lókè ògiri lódìkejì, ó ń béèrè pé kí lẹ ń sè tó ta sánsán báyìí.

"Mi ò mọ̀ ọ́n." Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni mo gbé wọ bọ́ọ̀sì, mo gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, mo gbé e dé ilé. O kò mọ̀ ọ́n. Ta ló máa ń jókòó tì mí lórí àpáta, tó ń to èso sínú ihò òkúta, tó ń fi òkúta kejì fọ́ ọ, tó fi fọ́ àtàǹpàkò ara rẹ̀ tó sì ní òkúta ló jẹ̀bi? Ta ló mọ̀ ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹnìkan kì í gun igi sarapíà ká a, pé à ń dúró ni títí yóò fi já fúnra rẹ̀, torí èyí tí kò gbó kò ní òórùn? Ìwọ lo máa ń sáré ṣíwájú mi lọ sábẹ́ igi tí àwọn àdán ń sùn sí, níbi tí wọ́n ti jẹ ara èso tán tí wọ́n da kóró rẹ̀ sílẹ̀ jọ. Wàá máa pariwo, "Màmá, wọ́n ti bá wa ṣa á." Sarapíà ló rán ọ lọ sílé ìwé ní Ciudad Bolívar. O kó o sáàárín aṣọ rẹ nínú àpótí, o kọ̀wé sí mi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń bi ọ́ pé lọ́fínńdà wo lò ń lò. Nígbà yẹn o mọ̀ ọ́n.

Mo ti sọ ìtàn aṣọ yẹn fún ọ kó tó di pé o mọ irun dì, ṣùgbọ́n n ó tún un sọ, torí ó jọ pé afẹ́fẹ́ Caracas ti gbé e lọ. Ìyá tó bí ìyá àgbà mi ló rán an. Àwọn baba rẹ̀ ni wọ́n sá kúrò lóko ẹrú, tí wọ́n tu ọkọ̀ lòdì sí ìṣàn odò títí wọ́n fi kọjá ibi tí omi ti ń já láàárín àpáta, kí àwọn tó ní wọn má lè lépa wọn mọ́. Àwọn tí wọ́n bá nínú igbó ló fi igi sarapíà hàn wọ́n. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni àwọn oníṣòwò dé. Wọ́n ń rẹ kóró rẹ̀ sínú àgbá ọtí líle títí funfun yẹn yóò fi bò ó, wọ́n sì ń kó o sọdá òkun fún àwọn tó ń ṣe lọ́fínńdà àti tábà. Funfun tí ìyá ọkọ rẹ ní ó bu, òun gan-an ni òyìnbó ń wá. Àwọn ọlọ́jà lọ́rọ̀, wọ́n kọ́lé. Ohun tó kù lọ́wọ́ tiwa ni igi àti aṣọ kan.

Gbogbo ọmọ tí a bá ṣe ìsàmì fún nínú ìdílé wa, ìyá àgbà rẹ̀ ni í tú ìṣẹ́tí aṣọ náà, tí í fi kóró kan sí i, tí í sì rán an padà. Kóró kan fún ọmọ kan. Tèmi wà níbẹ̀. Tìrẹ wà níbẹ̀, ìyá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí i. Ti Evelio ẹ̀gbọ́n rẹ wà níbẹ̀, Evelio tí odò gbé lọ, tí a kò rí òkú rẹ̀ sin. Mo mọ tirẹ̀ yàtọ̀, torí ó wọ́ díẹ̀ níbi orí. Bí ọkàn mi bá fà sí i, mo máa ń yọ aṣọ yẹn jáde, màá fọwọ́ wá a títí màá fi kàn án. Mi ò ní ibòmíràn tí mo lè lọ kí ọmọ mi. Ohun tó jó lẹ́yìnkùlé yín nìyẹn, ìwọ sì jókòó sínú ilé, o gbé ọmọ lé ẹsẹ̀.

N kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kéèkì ọjọ́ ìsàmì náà kọjá. Lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Doña Hercilia gbé tèmi fún mi, ó ní, "Ẹ tọ́ ọ wò, Ìyá Maigualida. Nǹkan ilẹ̀ Faransé ni wọ́n fi sí i, ẹ ò lè rí irú ẹ̀ lọ́nà ọ̀dọ̀ yín." Mo tọ́ ọ wò. Sarapíà ni. Irú èyí tí mo fi ń se ìrẹsì àgbọn ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, tí màá fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ha bíńtín sínú wàrà gbígbóná kí n tó sọ ìkòkò kalẹ̀. Irú èyí tí bàbá rẹ kò lè mu kòkó láìsí i láàárọ̀ òjò. Mo gbójú sókè wò ọ́. O ti fi tìrẹ sẹ́nu, mo sì rí i tí ojú rẹ yí padà. O mọ̀ ọ́n. O jẹ ẹ́ tán, o lá ṣíbí, o kò sọ nǹkan kan. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹnìkan nínú àwọn àlejò wá bi mí níjọ́ náà pé àwọn màlúù wa ńkọ́. Màlúù wo? Ìgbà yẹn ni mo mọ irú ẹni tí o sọ fún wọn pé a jẹ́. A kò ní màlúù, bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ kò ní rí títí ó fi kú. Mo dá a lóhùn pé wọ́n ń jẹ koríko. Mo bá ọ parọ́, Maigualida, lọ́jọ́ kejì tí o sẹ́ mi.

Má rò pé Doña Hercilia ni mò ń bá jà. Ẹ̀rù ló ba obìnrin náà, ó sì fẹ́ràn ọmọ. Bí mo bá rí ohun tí n kò mọ̀ nínú aṣọ Anaís, èmi náà lè jù ú nù. Ẹni tí kò mọ̀, a ó kọ́ ọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rómulo ọkọ rẹ gan-an, nígbà tó ń sìn mí lọ sí ibùdókọ̀, ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ẹ dákun Mà, kí ni nǹkan ọ̀hún gan-an?" Mo ní kó bi ìyàwó rẹ̀. Ṣé ó ti bi ọ́? Kí lo sọ?

Má ra aṣọ ránṣẹ́ sí mi. Má kọ̀wé pé kí n má bínú, nítorí n ó bínú. Mo ti gé aṣọ òwú funfun, mo ti rán òmíràn, ìṣẹ́tí rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Mo ti fi tèmi sí i. Mo ti wá kóró kan tó wọ́ lórí títí lábẹ́ igi, n kò rí i. Tìrẹ àti ti Anaís wà nínú àwo lórí tábìlì, ibẹ̀ ni wọn yóò sì wà. Ọjọ́ tí o bá dúró níwájú Doña Hercilia àti ọkọ rẹ, tí o fi ẹnu ara rẹ sọ pé, "Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ló gbé e wá, tèmi wà nínú ẹ̀," ọjọ́ náà ni n ó rán an pa. Títí di ìgbà náà, ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ Caracas.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ní ìdìde. Kí Màríà Wúńdíá fi aṣọ rẹ̀ bo ọmọ rẹ. Kí Anaís dàgbà, kó gbọ́n, kó mọ ìwé jù ọ́ lọ, kí ọjọ́ kankan má sì ṣe dé láyé rẹ tí yóò wo ojú rẹ láàárín àwọn èèyàn, tí yóò ní òun kò mọ̀ ọ́.

Èmi tí inú ń bí, tí mo ṣì jẹ́ ìyá rẹ,
Nicanora.

Àfikún: Inú àpótí sarapíà ni mo tọ́jú lẹ́tà yìí sí kí Críspulo tó gbé e lọ sí Maripa. Bí o bá ṣí i, òórùn rẹ̀ yóò gba ilé. Doña Hercilia yóò jáde wá béèrè pé kí ló ń ta sánsán. Má wulẹ̀ kọ̀wé padà sí mi. Ohun tí o bá dá a lóhùn ni èsì.